Ọjọ́ Tí Kọ́kọ́rọ́ Jìnnà sí Ilẹ̀kùn

“Bàbá Ẹfúnwùmí, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ,” Jẹ́ẹ́dé wí, bó ti ń wo àgádágodo tuntun tó so kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. “Irin yìí dára, olè kò ní lè já a. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé ńkọ́? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà?”

Oyèlẹ́yẹ kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń hun. Ó ti ọ̀kọ̀ ìhunṣọ gba àárín òwú kọjá, ó ki òwú náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kó tó dáhùn.

“Ọwọ́ mi ni. Bí mi ò bá sí nílé, ọwọ́ ọmọ mi ni.”

“Bí ọmọ yín náà ò bá sí nílé?”

“Yóò wà nílé.”

Ẹfúnwùmí tó ń ká òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ dorí kodò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì mọ̀ pé òun kì í fi gbogbo ìgbà wà nílé bí bàbá òun ti rò.

Ìsẹ́yìn ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí ọdún méjì kí ogun Jámánì àkọ́kọ́ tó bẹ́ sílẹ̀. Nígbà náà, koríko bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo ọ̀pọ̀ ilé. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, gbogbo òrùlé a gbẹ fúrúfúrú, ìpẹ́pẹ́ iná kan ṣoṣo sì tó láti jó odindi àdúgbò. Jẹ́ẹ́dé ni olórí àwọn géńdé tó máa ń sáré lọ pa iná, àwọn tí à bá pè ní panápaná lóde òní. Wọn ò ní ọkọ̀, wọn ò ní fèrè. Ohun tí wọ́n ní kò ju àdá, àáké, ọkọ́, ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lórí, àti ẹsẹ̀ tó yá nílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀ lọ́dọọdún, Jẹ́ẹ́dé á lọ láti ojúlé dé ojúlé, á máa kìlọ̀ fún àwọn èèyàn.

“Àgádágodo ti ń pọ̀ ládùúgbò yìí,” ó tún wí. “Láyé àtijọ́, ẹni kan á kàn ti ilẹ̀kùn, ó ti wọlé. Ní báyìí, bí a bá sáré dé tí a bá irin lẹ́nu ọ̀nà, ìgbà tí a ó fi já irin, iná ti ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́dọ̀ aládùúgbò tí kì í jìnnà sílé. Ìyá Àmínù wà nídìí aró rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí a bá dé, a ó mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí a ó ti gbà á. Pàápàá nígbà tí Ìyá Àgbà máa ń wà nínú ilé yẹn.”

“Ẹ ṣeun,” Oyèlẹ́yẹ dáhùn. “Aṣọ àwọn oníbàárà ló kún inú yàrá náà. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi kò ní sùn lọ́wọ́ ará ìta.”

Jẹ́ẹ́dé kò bá a jiyàn. Ó kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́, ó sì kọjá sí ojúlé tó kàn.

Oyèlẹ́yẹ kò burú. Ohun kan ló ń dùn ún. Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, aṣọ ẹ̀tù kan sọnù nínú ilé rẹ̀, kò sì rí ẹni tó mú un. Ojú rẹ̀ lọ sí ilé Ìyápọ̀, ìyá Àmínù, aláró tí ògiri ilé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiwọn. Kò sọ ọ́ jáde lẹ́nu rí, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ń kí obìnrin náà bí ẹni tó ń kí àlejò. Nígbà náà náà ló di fèrèsé tó wà lẹ́yìn ilé pa, tó fi amọ̀ rẹ́ ẹ.

Nítorí ti Ìyá Àgbà gan-an ni àgádágodo náà ṣe dé. Ìyá tó bí Oyèlẹ́yẹ ni, òun ló sì tọ́ Ẹfúnwùmí dàgbà nígbà tí ìyá ọmọ náà kú. Ọjọ́ orí ti wá dé sí i, iyè rẹ̀ sì ti ń ṣí lọ. Nígbà mìíràn á máa pe Ẹfúnwùmí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ kan tó ti kú tipẹ́, á ní kí àwọn méjèèjì lọ kó ẹ̀gúsí lóko. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, ó dìde, ó rìn jáde, àwọn ọdẹ ló rí i lójú ọ̀nà Ìlerò, tí kùkùté koríko ti gún un lẹ́sẹ̀ kátikàti. Ìdí rèé tí Oyèlẹ́yẹ fi kan ilẹ̀kùn pákó igi àpá tó le koko, tó sì ra àgádágodo láti Ìbàdàn. Ẹfúnwùmí á mú Ìyá Àgbà jókòó sóòrùn láàárọ̀, á wẹ̀ fún un, á bọ́ ọ. Bó bá fẹ́ lọ pọnmi nìkan ni yóò tilẹ̀kùn mọ́ ọn, á sì sáré padà.

Nígbà tí Oyèlẹ́yẹ fẹ́ kó aṣọ lọ sí Ọ̀yọ́, ó pe ọmọ rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

“Mo pọn omi tó pọ̀ sílẹ̀ fún yín. O ò ní nǹkan kan tí ò ń wá lọ síta títí n ó fi dé lọ́la. Kọ́kọ́rọ́ yìí kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Bàbá. Kí Ọlọ́run mú yín lọ, kó mú yín bọ̀.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó lókun nínú agbo ilé ti lọ sóko òwú. Ìyá Àgbà jẹ ẹ̀kọ, ó sì sùn lọ sórí ẹní. Ẹfúnwùmí ń gbálẹ̀ ojúde nígbà tí Tàwàkálítù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, yọ lọ́nà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹfúnwùmí, ju ìgbálẹ̀ yẹn nù. Tíṣà Cornelius ti ti Ọ̀yọ́ dé. Ó gbé irin kan bọ̀ tí wọ́n ń pè ní kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹsẹ̀ méjì péré ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ó sì ń gùn ún yípo ṣọ́ọ̀ṣì láìṣubú.”

“Irọ́ ni.”

“Wá fi ojú ara rẹ rí i. Gbogbo ọmọ àdúgbò ti wà níbẹ̀.”

“Bàbá mi ní n ò gbọdọ̀ kúrò nílé.”

“Bàbá rẹ wà lọ́nà Ọ̀yọ́. Ìyá Àgbà ń sùn. Kí ó tó jí, a ó ti dé.”

Ẹfúnwùmí dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọ̀nà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni kò ti rí nǹkan kan tó jọ eré. Ó lọ tilẹ̀kùn, ó pa àgádágodo dé. Ọ̀rọ̀ Jẹ́ẹ́dé wá sọ́kàn rẹ̀, ó sì rìn dé ẹ̀yìn ilé Ìyápọ̀, níbi tí obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò aró. Bó bá nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí i báyìí, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyápọ̀ yóò bi í léèrè ibi tó ń lọ, bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò sì détí bàbá rẹ̀. Ó rọra yí padà, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe irọ́. Tíṣà Cornelius jókòó lé e bí ẹni jókòó lórí ẹṣin tínínrín, ó ń yí, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e nínú eruku. Ẹfúnwùmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn óò wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti yẹ kí wọ́n ti padà. Ìgbà náà ni obìnrin kan lẹ́yìn wọn nawọ́ sókè.

“Èéfín wo nìyẹn lápá ibi tí wọ́n ti ń hunṣọ?”

Ẹfúnwùmí wẹ̀yìn. Èéfín dúdú ń yí gbirigbiri gòkè lápá ilé wọn. Kò dúró de Tàwàkálítù. Ó sáré bí kò ti sáré rí, ó fi ọwọ́ di etí ìró mú, ó ń pe orúkọ Ìyá Àgbà sínú.

Àwọn kan ló ń dáná sun igbó lẹ́yìn ìlú kí wọ́n lè lé okété jáde. Ọyẹ́ gbé ìpẹ́pẹ́ iná kan, ó gbé e sórí òrùlé Oyèlẹ́yẹ. Ìyápọ̀ ló kọ́kọ́ rí i, tó figbe ta. Kí ó tó tún mí, Jẹ́ẹ́dé àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti dé. Àwọn kan gun òrùlé àwọn ilé tó wà nítòsí, wọ́n ń fi ìkọ́ fa koríko lulẹ̀ kí iná má bàa rí ọ̀nà kọjá. Jẹ́ẹ́dé sáré tààrà sẹ́nu ọ̀nà, àgádágodo pàdé rẹ̀. Ó fi àáké gbá ilẹ̀kùn, pákó àpá kò mì. Ó gbá irin, irin kò já.

“Ọmọ yẹn dà? Ta ló rí ọmọ yẹn?” ó ń bèèrè. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ibi tí wọ́n dé rèé nígbà tí Ẹfúnwùmí já sí ojúde. Ó ti tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, ó nà án sí Jẹ́ẹ́dé. Bó ti nà án gan-an ni ẹnu òrùlé tó wà lókè ilẹ̀kùn já wá sílẹ̀ pẹ̀lú iná rẹ̀, ó sì bo ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn fò sẹ́yìn.

“Kọ́kọ́rọ́ rèé, Bàbá,” ó ń wí, “kọ́kọ́rọ́ rèé.”

Jẹ́ẹ́dé wo kọ́kọ́rọ́, ó wo iná. “Ọmọ mi, ó ti pẹ́ jù. Ẹnu ọ̀nà kò ṣe é sún mọ́ mọ́.”

Ìyápọ̀ fa Jẹ́ẹ́dé lápá. “Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ rí, ibẹ̀ lèmi àti Ìyá Àgbà ti máa ń na iyọ̀ síra wa. Amọ̀ lásán ni wọ́n fi dí i, kò le tó ògiri.”

Ó mú wọn débẹ̀, ó fi ọwọ́ tó dúdú fún aró tọ́ka sí i. Ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lu amọ̀. Odò jìnnà, omi tí wọ́n rí nínú àwọn ìkòkò ilé sì ti tán. Ìyápọ̀ yíjú sí ìkòkò aró rẹ̀, àwọn tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú aṣọ dáadáa. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ bù ú,” ó sọ fún àwọn obìnrin tó dúró. “Omi ni gbogbo rẹ̀.”

Wọ́n ń da aró sára ògiri àti sórí koríko tó ń jó. Jẹ́ẹ́dé ti aṣọ kíjìpá nínípọn kan bọ inú ìkòkò tó gbẹ̀yìn, ó fi bora láti orí dé orúnkún, ó sì ra kọjá ihò tí wọ́n gbẹ́. Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ aláwọ̀ aró. Kò lè sunkún. Ó kàn ń wo ihò náà. Nínú ilé, nǹkan kan já lulẹ̀, èéfín tú jáde, ọ̀kan nínú àwọn géńdé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe olórí wọn lórúkọ.

Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ yọ. Wọ́n fà á jáde, wọ́n sì fa Jẹ́ẹ́dé tẹ̀ lé e. Kíjìpá ló yí ìyá náà lára. Jẹ́ẹ́dé ti bọ́ ọ kúrò lára ara rẹ̀, ó fi bo ìyá náà nínú iná. Apá ọ̀tún Jẹ́ẹ́dé ti bó láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ìyá Àgbà wúkọ́, ó lajú, ojú rẹ̀ dúdú fún aró, ó sì wo gbogbo èrò tó yí i ká.

“Ta ló ń ṣe ìnáwó?” ó bèèrè.

Ìgbà náà ni Ẹfúnwùmí bú sẹ́kún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ti ń retí Oyèlẹ́yẹ, Tàwàkálítù wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé Ìyápọ̀, níbi tí òun àti Ìyá Àgbà sùn mọ́jú. Ojú òun náà ti wú fún ẹkún.

“Sọ fún bàbá rẹ pé odò lo lọ,” ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Sọ pé omi tán. Ta ni yóò mọ̀?”

Ẹfúnwùmí wo òdìkejì iyàrá. Ìyápọ̀ ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sẹ́nu Ìyá Àgbà, ó ń ṣe é ní sùúrù, bí ẹni pé kò pàdánù ohun kan lánàá. “Mo mọ̀,” Ẹfúnwùmí dáhùn. “Apá èèyàn kan bó nítorí mi. Mi ò lè tún fi irọ́ lé e.”

Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, ó kúnlẹ̀ fún un níwájú ilé tó jó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ti kẹ̀kẹ́, ti bó ṣe dúró lẹ́yìn ilé Ìyápọ̀ tó sì yí padà, ti kọ́kọ́rọ́ tó dé lẹ́yìn ọ̀ràn. Oyèlẹ́yẹ jókòó sórí àjákù ògiri.

“Ẹ̀bi rẹ wà níbẹ̀, n kò ní tàn ọ́. O ṣàìgbọràn, o sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wá di aláìníyàá. Ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún mi lójú rẹ, mo kọ̀. Ẹni tó ní kí kọ́kọ́rọ́ má dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, èmi ni.” Ó dìde. “Jẹ́ ká lọ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó burú ju olè tó kóni lẹ́rù lọ.”

Orí ẹní ni wọ́n bá Jẹ́ẹ́dé, tí wọ́n ti fi oyin pa apá rẹ̀. Oyèlẹ́yẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ dìde, Bàbá Ẹfúnwùmí,” Jẹ́ẹ́dé wí. “Ṣé Ìyá jẹun láàárọ̀ yìí?”

“Wọ́n jẹun.”

“Ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo wọlé lọ wá nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn Ẹfúnwùmí. Láti ọjọ́ náà, kó tó dá iná tiwọn láàárọ̀, á ti gbé omi dé ilé Jẹ́ẹ́dé, á bá ìyàwó rẹ̀ wẹ egbò náà, á sì gbálẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tí apá Jẹ́ẹ́dé kò tí ì lè gbé ọkọ́, Oyèlẹ́yẹ bẹ àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀, wọ́n sì lọ kọ ebè fún un. Ọwọ́ tó mọ òwú kò mọ ọkọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti léròrò, Jẹ́ẹ́dé sì jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mì, ó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé ebè wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ òfì. Ẹfúnwùmí àti Tàwàkálítù ló ń já ewé aró wá láti inú igbó fún Ìyápọ̀, wọ́n gún un, wọ́n sì sá a, títí ìkòkò rẹ̀ fi tún kún.

Kí ọyẹ́ tó tún dé, àwọn ará àdúgbò pé jọ. Jẹ́ẹ́dé sọ ohun tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀: kí olúkúlùkù ilé tó ní àgádágodo fi kọ́kọ́rọ́ kan sọ́dọ̀ aládùúgbò tó máa ń wà nílé, kí àwọn tó ń pa iná sì mọ onítọ̀hún.

“Bí olè bá wá gba ibẹ̀ wọlé ńkọ́?” ni Àmúsà, ọkùnrin kan tó ń ta iyọ̀, bèèrè.

Oyèlẹ́yẹ ló dìde dá a lóhùn. “Aṣọ tí olè bá jí, mo lè hun òmíràn. Ìyá mi, n kò lè hun ún.” Ó yíjú sí Ìyápọ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ tuntun sí i níṣojú gbogbo wọn. “Ìyá Àmínù, aṣọ kan sọnù nílé mi rí, mo sì fi ojú burúkú wò yín nítorí rẹ̀. Ẹ foríjì mí. Ẹ bá mi tọ́jú èyí.”

“Mo mọ̀ pé ojú yín wà lára mi nígbà náà,” Ìyápọ̀ dáhùn. “Ó dùn mí. Ó ti tán. Ẹ mú un wá.”

Àmúsà náà fi tirẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́dún náà gan-an, iná ràn nínú ilé rẹ̀ nígbà tó wà lọ́jà Tẹ̀dé. Aládùúgbò rẹ̀ nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí àwọn géńdé, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì pa iná náà nígbà tí kò tí ì ju igun òrùlé kan lọ. Nígbà tó dé, ó sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Àgbà tún lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta láyé. Kò rántí iná náà rí. Ṣùgbọ́n bí Jẹ́ẹ́dé bá ti ń kọjá, tó sì rí apá rẹ̀ tó ní àpá, á pè é, á fọwọ́ pa apá náà, á sì súre fún un bí ẹni tó ń súre fún ọmọ tirẹ̀. Oorun ló gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, orí rẹ̀ wà lórí itan Ẹfúnwùmí, tí ọmọ náà ń bá a di irun. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Ẹfúnwùmí lọ bá Jẹ́ẹ́dé níbi tó jókòó sí, ó sì kúnlẹ̀.

“Bàbá, gbogbo ọjọ́ tí mo tún fi rí i lẹ́yìn iná, ẹ̀yin lẹ fún mi. Mo dúpẹ́.”

Jẹ́ẹ́dé gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí kò nà tán mọ́, ó sì gbé e lé ọmọ náà lórí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣọ́, ẹ ṣọ́ ọ, nítorí eré ìṣẹ́jú díẹ̀ lè gba ohun tí gbogbo ayé kò lè dá padà. Bí ẹ bá ti ṣìṣe, ẹ má fi irọ́ bò ó. Ẹ má ṣe ti ilé mọ́ ẹni tó lè gbà yín là, kí ẹ sì mọ oore: àwọn kan wà tó ń sáré wọ ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sá jáde, gbèsè ọpẹ́ wọn kì í tán lọ́rùn ẹni.